Ohùn ò mọ èló lẹ ra software

Ìyá kan tó ń kọrin ìjọ wá sí sítúdíò mi ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Kó tó jókòó, ojú rẹ̀ ti lọ sára kọ̀ǹpútà. "Bọ̀ọ̀dá sítúdíò, ọmọ mi ní èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò yìí, ti àwọn tó ń fi ṣeré ni. Ṣé ẹ ò ní ojúlówó?"

Kì í ṣe ọmọ ìyá yẹn nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé software tá a fi ń gba orin sílẹ̀, tó bá ti pọ́ọ́kú, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, àti ti ẹni tó kàn fẹ́ fi najú. Ẹni tó bá ń fi jẹun gbọ́dọ̀ ra ọ̀wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Irọ́ ni.

Reaper ni software tí mò ń lò. Justin Frankel, ẹni tó ṣe Winamp tá a fi ń gbọ́ orin láyé ijọ́un, ló wà nídìí rẹ̀. Iye méjì ni wọ́n ń tà á, $60 àti $225. Kí ló wà nínú ti $225 tí kò sí nínú ti $60? Kò sí nǹkan kan. Fáìlì kan náà ni gbogbo wa ń dáńlóòdù. Àpò ẹni tó ń rà á ni wọ́n ń wò: ẹni tó ń fi ṣe tara rẹ̀, tàbí tó ń fi ṣòwò àmọ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò ju $20,000 lọ, $60 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń san $225. Ẹ sáà ti rí ọmọ yúnífọ́ọ̀mù nínú mọ́tò. Ìdajì owó ló san, awakọ̀ ò torí ẹ̀ já a sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà.

Ẹnì kan á ní, FL Studio, tóun náà jẹ́ software orin, ńkọ́? Ó mú mi níbẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. Èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú tiwọn, Fruity, kò lè gba ohùn sílẹ̀. Ìlù lẹ lè fi tò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ iye ọjà kẹ́ ẹ tó yọwó.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìtìjú yìí ló ń ti àwọn ọmọ wa sínú kíráàkì, ìyẹn software tí wọ́n já títì rẹ̀ láìsanwó. Wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn rí ohun tí $60 rà lójú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á wá lọ jí ọ̀wọ́n lò. Èmi náà ṣe é rí. Láàárọ̀ Sátidé kan, akọrin méjìlá wà níwájú máíkì, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, software olówó ńlá tí mo kíráàkì ṣàdéédé ní òun ò mọ̀ mí rí. Gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ yẹn há sínú rẹ̀. Olórí akọrin ò tiẹ̀ bínú. Ó wo aago, ó ní, "Ṣé ká máa lọ ni?" Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Mi ò sọ pé $60 ò lówó lórí o. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì, kò tó ₦28,000. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦90,000. Ìyẹn pọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó kàn fẹ́ ta gìtá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Audacity, software ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn, wà fún irú wọn, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá yẹn kọrin tirẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó ní ká tún un gbé sí i. Nígbà tó lọ tán, ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, $20,000 yẹn, èló ni ní náírà?" Mo ní kó fi ₦1,500 ṣírò ẹ̀. Ó tẹ fóònù, ó wò ó, ó tún un tẹ̀. Mílíọ̀nù 30. Ó gbójú sókè wo fáànù tó ń ké lórí wa àti fóòmù tó ti ń ṣí kúrò lára ògiri, ẹ̀rín pa á, ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì lọ da epo sí jẹnẹrétọ̀.