Àdán Dorí Kodò, Ó Ń Wòṣe Ẹyẹ

Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún nílẹ̀ Èkìtì ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ kò tíì délẹ̀, ó ti dájọ́. Wọ́n á ní kó fara balẹ̀, kó ṣe bí àdán tó so rọ̀ láìfọhùn, tó ń wo bí ẹyẹ ṣe ń fò àti bí ẹyẹ ṣe ń jà, títí ìwà oníkálukú yóò fi hàn sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́tí sí òwe yìí dáadáa, nítorí kò sí ọjọ́ tí ohun ìyanu kan kì í wọlé sórí fóònù wa. Ẹja tó ń rìn lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ronú, igi tó ń bára wọn sọ̀rọ̀. A kò tíì kà á tán tí a ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Èmi náà fẹ́ràn ohun ìyanu, ó máa ń wù mí kí n gbọ́ òmíràn sí i. Àmọ́ ìyanu tí a kò fara balẹ̀ wò kì í pẹ́ di irọ́. Àdán inú òwe náà gan-an ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ń dùn mí pé ẹranko tí a fi ṣe olùkọ́ ìwòye, àwa fúnra wa ò wò ó.

Kí la ń sọ nípa rẹ̀? A ní kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. A ní ó fọ́jú. A tún ní ẹnu tó fi ń jẹun náà ló fi ń yàgbẹ́.

Èyí àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ẹranko ni àdán, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Nínú gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú, òun nìkan ló ń fò ní tòótọ́. Ohun tí a sì ń pè ní ìyẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ni: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló nà lé ìka gígùn mẹ́rin, tí àtàǹpàkò sì yọ sókè.

Ti ìgbẹ́ ẹnu yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn àdán ńlá tó ń jẹ èso kì í gbé gbogbo èso mì. Wọ́n á rún un, wọ́n á mu omi inú rẹ̀, wọ́n á wá tu háhá rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ igi lálẹ́, tí nǹkan rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀ sì bọ́ láti ẹnu àdán sí i léjìká, kí ló fẹ́ sọ? Ojú àwọn baba wa kò purọ́ rárá. Ohun tí wọ́n fi kún ohun tí ojú rí ló ṣìnà. Bí àdán bá fẹ́ yàgbẹ́ ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á yí ara padà, wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò so mọ́ ẹ̀ka, kí ìdọ̀tí má baà dà sí wọn lára.

Bákan náà ni Ìkògòsì, nílẹ̀ Èkìtì wa níbí. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn níbẹ̀, wọ́n sì ń pàdé, bí ojú ṣe rí i gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìtàn ìyàwó ọdẹ méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà la fi kún un. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́. Àmọ́ tí ọmọ bá béèrè ibi tí ooru náà ti ń wá, ẹ má ní kó dákẹ́. Ẹ sọ fún un pé omi òjò ló ń gba ibi tí àpáta ti sán wọlé lọ jìnnà. Bí a bá sì ṣe ń walẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbóná sí i, ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi náà á gbóná níbẹ̀, á sì tún gba inú àpáta jáde sókè. Kò sí òkè oníná kankan nítòsí.

Wàyí o, àfọ́jú. Kò sí àdán tó fọ́jú. Èyí tó ń jẹ èso ní ojú ńlá tó ń ríran lálẹ́, ó sì ń gbóòórùn dáadáa. Òòbẹ̀, àwọn kéékèèké tó ń sá pamọ́ sínú àjà tí wọ́n ń jẹ kòkòrò, etí ni wọ́n gbójú lé. Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1793, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Lazzaro Spallanzani, ní ìlú Pavia, ní Ítálì, rí i pé bí àtùpà bá kú nínú yàrá, òwìwí á máa kọ lu ògiri, ṣùgbọ́n àdán ń fò lọ ní tirẹ̀. Ó mú ojú àdán kúrò pátápátá, síbẹ̀ kò kọ lu nǹkan kan. Dókítà kan, Louis Jurine, ní ìlú Geneva, ní Switzerland, wá dí etí wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu gbogbo ohun tó wà lọ́nà. Ìdáhùn ti dé, àwọn ọ̀mọ̀wé ò gbà á. Wọ́n ní kí ni etí fẹ́ gbọ́ nígbà tí yàrá dákẹ́ rọ́rọ́?

Fún ohun tó lé ní 140 ọdún ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ní 1938, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, Donald Griffin, gbé àdán lọ síwájú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Yàrá náà kò dákẹ́ rárá, igbe ni àdán ń ké! Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn òòbẹ̀ sábà máa ń kọjá ibẹ̀, àwọn kan sì ń ju 100,000 lọ. Igbe náà ló ń kọ lu ògiri, okùn àti ẹ̀fọn, tó ń padà wá sétí rẹ̀, ìyẹn ló fi ń mọ ibi tí nǹkan wà. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ tó gbòde pé ara àdán ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá ọkọ̀ abẹ́ omi. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Paul Langevin, ti ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ igbe àdán.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí ọbẹ̀. Lápá àríwá Èkìtì, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, igi ìgbá tí a ń mú irú jáde lára rẹ̀ máa ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òdòdó pupa roboto ni, ó ń so rọ̀ lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, alẹ́ ni oyin rẹ̀ sì ń sun. Àdán ló ń wá mu ún. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ irun orí rẹ̀, á gbé e dé orí igi mìíràn, igi náà á sì so. Kòkòrò oyin náà ń ran igi yìí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àdán pọ̀ níbẹ̀. Ìyá onírú tó wà lọ́jà Ọba l'Ádó, tí gbogbo ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń wá ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ àdán ní ọpẹ́.

Ìrókò ńkọ́, igi tí a ń fi Olúwéré bẹ̀rù? Àdán ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eidolon helvum ló ń jẹ èso rẹ̀, tó sì ń yà á jáde síbi tó bá fò dé. Ní Ghana, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ wọn lára, wọ́n sì rí i pé àwọn kan lè gbé hóró èso dé 75 kìlómítà. Adó sí Àkúrẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ níbí. Ẹran àdán rọrùn láti rí, ìbọn ṣakabùlà kan lórí igi tí wọ́n kóra jọ sí, ẹran á bọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀. Àmọ́ kì í bímọ bí eku: abo àdán ńlá yìí, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lọ́dún. Bí a bá pa ogún lálẹ́ kan, ọdún mélòó ni yóò gba àwọn tó kù kí wọ́n tó dí àlàfo náà? Ara rẹ̀ tún lè gbé àrùn. Lára irú àdán yìí ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan kòkòrò àrùn dìgbòlugi, ní Lagos Island, ní ọdún 1956, tí wọ́n fi orúkọ Èkó pè é. Nítorí náà, kí ọmọ má fi ọwọ́ lásán gbé àdán tó ṣubú, ì báà kú, ì báà wà láàyè. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.