Ṣé ohùn ni wọ́n fi ń gba Nigerian Idol ni àbí dátà?

Àǹtí Aláró Ìtòkú: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Sáà kẹsàn-án Nigerian Idol, ìdíje orin kíkọ orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, parí ní 2024, Chima Udoye ló gbà á, ọmọ yẹn mọ orin kọ, mi ò bá a jà. Ohun tó gbé mi wá ni pé ọmọ iṣẹ́ kan wà ní ìsọ̀ mi, tó bá ti ń lu aṣọ kó lè dán báyìí, orin ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kùmọ̀ ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń ka bíìtì, àwọn oníbàárà tó wá ra àdìrẹ á gbàgbé iye tí wọ́n ná a sí. Ó ní òun máa lọ ọ́díṣọ̀n tó ń bọ̀. Mo ní ó dáa, kọ èyí tó o máa kọ lọ́hùn-ún kí n gbọ́. Háà! Ló bá gbé orin òyìnbó, ó ń gba imú kọ ọ́, ohùn tí mo mọ̀ yẹn wá dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ẹ bá mi dá sí i, ṣé kó kọ Yorùbá ni àbí kó máa bá òyìnbó ẹ̀ lọ?

Ọmọ Láfẹ́nwá: Àǹtí, ẹ sọ fún un kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Dátà ni wọ́n fi ń gbà á. Tó bá ti di live show, ìyẹn ìpele tí ará ìlú ń dìbò sí, àwọn jọ́ọ̀jì ò lágbára àtilé ẹnikẹ́ni mọ́, ẹnu lásán ni wọ́n ń là, àwọn tó ń dìbò lórí wẹ́ẹ̀bù àti lórí áàpù DStv pẹ̀lú GOtv ló ń yan ẹni tó máa lọ sílé. Ẹni tí èèyàn ẹ̀ bá pọ̀ nídìí fóònù ló máa wọlé. Ẹ̀gbá mélòó ló fẹ́ dìbò? Èmi fúnra mi, dátà mi, bọ́ọ̀lù ni mò ń fi wò. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro kí Yorùbá gba nǹkan wọ̀nyí.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò: Irọ́ lo pa yẹn o. Project Fame, ìdíje orin kejì yẹn, ńkọ́? Ayoola ló gbà á ní 2012, Olawale gbà á ní 2013, ṣé Ṣáínà ni wọ́n ti wá ni?

Ọmọ Láfẹ́nwá: Project Fame kọ́ là ń sọ mà, Idol là ń sọ.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò: O ní "nǹkan wọ̀nyí". Lọ ka ohun tó o fọwọ́ ara ẹ tẹ̀.

Kọ́yà Ìjẹmọ̀: Ẹ̀yin ará, ìbò tí ẹ ń pariwo ẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ni ó ń bọ̀. Ọ́díṣọ̀n ló ṣáájú, theatre week tí àwọn jọ́ọ̀jì ti ń sẹ́ wọn tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń padà sílé kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ohun tó ń pa wọ́n ni kíì, ìyẹn bí wọ́n ṣe gbé orin ga tó. Ọmọ á gbọ́ orin lẹ́nu obìnrin tí ohùn ẹ̀ ga, á gbé e ní ibi tí onítọ̀hún gbé e sí gẹ́lẹ́, kò sí dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó máa kìlọ̀ fún un, ẹsẹ àkọ́kọ́ á dùn bí oyin, tó bá wá dé ègbè báyìí, ohùn á já bí okùn kànga. Mo ti rí i nínú kọ́yà tèmi láìmọye ìgbà, ẹni tó máa ń já jù ni ẹni tí wọ́n ti ń yìn nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB: Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó gbà á, lẹ́yìn náà ńkọ́? Yeka Onka ló kọ́kọ́ gbà á, Moses Obi gbà á ní 2013, Evelle gbà á, K-Peace gbà á. Kí ẹnì kan lórí pèpéle yìí kọ orin wọn kan ṣoṣo láì lọ wá a lórí YouTube, mo máa ra kádì fún un.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò: Kí ló dé tó o fo Mercy Chinwo? 2012 ló gbà á, kò sí Sunday tá ò kọ orin ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Fi kádì yẹn ránṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB: 😂😂 Mà, ẹ ti mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo Omawumi, ipò kejì ló ṣe lẹ́yìn Timi Dakolo ní Idols West Africa 2007, òun náà ló wá jókòó bíi jọ́ọ̀jì ní sáà 2024 yẹn pẹ̀lú 9ice àti Ric Hassani. Niniola náà wà nínú Project Fame 2013 tí ẹ dárúkọ yẹn, kò gbà á, Yorùbá ló sì ń kọ tí gbogbo ayé ń jó sí. Èmi ò rò pé ipò kìíní ló ṣe pàtàkì.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Kò ṣe pàtàkì kẹ̀? 30 mílíọ̀nù náírà ni Kingdom tó gba Idol gbé lọ sílé ní 2021, owó lásán nìyẹn o, yàtọ̀ sí ẹ̀bùn yòókù. Ìwọ lọ máa fi ipò kejì san owó ilé. Àti pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń pè ní ìdíje? Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò níbí, ta ló dìbò fún un? Àwọn èèyàn ń fowó ra àwo ẹ̀ ni. Láti 1980 tó ti kú, ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ sétí mi ní gáréèjì láràárọ̀.

Kọ́yà Ìjẹmọ̀: Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn, àbúrò. Kó tiẹ̀ tó dìgbà Àyìnlá rárá, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta yìí, gba orin Yorùbá sínú àwo fún iléeṣẹ́ àwo orin Zonophone ní London ní 1922. Iṣẹ́ bàbá yẹn ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi, torí wọ́n gbà kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Orin òyìnbó tá a túmọ̀ ló ń dà á rú, ẹ máa fẹ́ kọ "ìgbà", ohùn orin á gbé e lọ sókè, "igbá" ni ìjọ máa gbọ́. Nítorí náà Àǹtí Aláró, kì í ṣe pé kó ṣáà ti kọ Yorùbá. Tó bá lọ fi Yorùbá há inú ohùn òyìnbó, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB: Kó sì rántí pé 9ice jókòó níbẹ̀ ní 2024, ẹni tó fi òwe kọ Gongo Aso. Kò sí ẹni tó máa sọ pé Yorùbá ẹ̀ ò yé òun.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ta ló sọ fún ẹ pé 9ice ló máa jókòó lọ́dún tó ń bọ̀? Wọ́n ń pààrọ̀ wọn bí aṣọ. D'banj àti Simi tó ti ṣe jọ́ọ̀jì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Àǹtí Aláró Ìtòkú: Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti kà á sí i létí. Ó ní ṣé kóun kọ èyí tóun máa ń kọ tóun bá ń lu aṣọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú kùmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, àfi gbì-gbì, gbì, gbì-gbì, gbì, ó ń fi orúkọ àwọn àwòrán orí àdìrẹ ṣe ègbè, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo yọ fóònù pé kí n gbà á sílẹ̀, bó ṣe rí fóònù báyìí ló dákẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé orin ni.

Kọ́yà Ìjẹmọ̀: Ẹ mú un wá ní Tọ́sìdeè, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gbàgbé kùmọ̀ yẹn nílé.