Ta ló ń tẹ dùùrù fún àwọn ọmọ wa?

Sátidé tó kọjá, àbúrò mi obìnrin gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi kó lè ráyè lọ sí òde ìgbéyàwó. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó gbé e kalẹ̀, ó fi fóònù lé e lọ́wọ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má ṣèyọnu. Tí orin yìí bá ti ń lọ, kò ní í sunkún." Òótọ́ ló sọ, ọmọ kò sunkún. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Orin kan náà ni fún wákàtí méjì ààbọ̀. Ó ṣeé ṣe kó tó ogún orin tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, nítorí àwòrán ń yí padà: bọ́ọ̀sì, ọ̀bọ, ẹja, ọmọ tó ń fọ eyín. Ṣùgbọ́n létí tèmi, ọ̀kan ni. Ìlù kọ̀ǹpútà kan náà, ìyára kan náà, ohùn ọmọdé tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tún ṣe títí tí kò fi jọ ohùn ènìyàn mọ́. Kò sí ibi tó ti rọlẹ̀, kò sí ibi tó ti dákẹ́. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ tí mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ṣàkíyèsí pé jẹnẹrétọ̀ gan-an máa ń yí ohùn padà tí fíríìjì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orin yẹn kì í yí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àgbàlagbà tún ti ń bínú sí ayé òde òní. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kọ sí wa létí lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí a wà ní kékeré kò dára rárá, àfi ká má tan ara wa. Èrò tèmi ni pé orin ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n máa ń dára nígbà tí ẹnì kan bá jókòó tì í, tó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tó sì ń dá a lóhùn. Níbi tí kò bá ti sí ẹni yẹn, ariwo la ń gbọ́.

Ẹ rántí Tom and Jerry. Nílé wa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, tí wọ́n bá ti gbé e sáfẹ́fẹ́, ọmọ àdúgbò á kún pálọ̀ wa bámú. Ìyá wa àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan máa ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Ológbò àti eku yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, orin ló ń bá wọn sọ ọ́, etí ìyá àgbà sì gbọ́ orin. Scott Bradley lorúkọ ẹni tó kọ orin náà fún ilé-iṣẹ́ MGM ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940 àti 1950. Fíìmù sinimá ni wọ́n ṣe é fún kó tó di ti tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà ẹgbẹ́ olórin gidi ló wà nídìí ẹ̀: fayolín, fèrè, kàkàkí òyìnbó, dùùrù. Tí Tom bá ń yọ́ rìn, fèrè á máa bá a yọ́ rìn. Tí Jerry bá dúró gbagidi, gbogbo wọn á dúró. Ẹni tó kọ ọ́ mọ iye ìṣísẹ̀ tí ológbò gbé kó tó dé ìdí àga.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀bùn Oscar, èyí tó jáde ní 1947: Tom wọ kóòtù onírù, ó jókòó sídìí dùùrù níwájú èrò, Jerry sì ti sùn sínú dùùrù náà. Orin Franz Liszt, onídùùrù ará Hungary tó kọ orin ní ayé àtijọ́, ni Tom ń tẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo gbọ́ Liszt, mi ò sì mọ̀ pé Liszt ni. Lẹ́yìn bí ogún ọdún, bàbá tó ń kọ́ mi ní dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣàdédé tẹ ìlà kan níbẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú orin tó le tó báyìí. Báwo ni n ó ṣe sọ fún wọn pé ológbò ni mo rí?

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ dárúkọ, mi ò bá a ní kékeré. Orí YouTube la ti pàdé. Ní ìlú Pittsburgh, Fred Rogers ṣe ètò ọmọdé kan tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò láti 1968 títí di 2001. Rogers fúnra rẹ̀ kàwé gboyè nínú orin kíkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí dùùrù ni Johnny Costa, onídùùrù jáàsì kan tó jẹ́ pé Art Tatum, ẹni tí àwọn onídùùrù jáàsì fi ń búra, yìn ín. Costa kì í gba orin sílẹ̀ de ètò náà. Inú yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán náà ló ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kan náà, tí ojú rẹ̀ wà lára Rogers. Tí Rogers bá ń bọ́ bàtà, tí okùn bàtà há díẹ̀, dùùrù á dúró dè é. Tó bá ju bàtà láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, orin á fò pẹ̀lú rẹ̀. Jáàsì tó jinlẹ̀ ni o, irú èyí tí ẹni tó sanwó wọlé ń gbọ́, fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń jẹ bisikíìtì. Costa kò gbà pé ó yẹ kí òun bu orin kù torí pé ọmọdé ló ń gbọ́ ọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ó fi kú ní 1996.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo pariwo nílé: onílù nìyí! Ohun tí ìyá ìlù ń ṣe lójú agbo gan-an ni. Onílù tó mọṣẹ́ kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò. Apàlọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àlọ́ àpagbè, tí ìyá apàlọ́ bá rí i pé oorun ti ń kun àwọn ọmọ, á mú orin yára. Tí ẹ̀rù bá ti ń bà wọ́n jù, á rọ orin náà lọ́rùn. Àwọn ọmọ kò kàn jókòó gbọ́, elégbè ni wọ́n, àlọ́ kò lè lọ tí wọn kò bá gbè é. Nígbà tí NTA bẹ̀rẹ̀ Tales by Moonlight ní 1984, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, iná tó wà níbẹ̀ kò sì jọ òṣùpá rárá (àwa ọmọ náà mọ̀), ṣùgbọ́n àwọn ọmọ jókòó yí apàlọ́ ká, orin sì ń ti ẹnu ènìyàn wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwa tí a wà nílé náà ń bá wọn gbè é, pẹ̀lú ìpápánu lẹ́nu.

Ẹ fún mi láyè kí n fẹ eléyìí lójú díẹ̀, nítorí òun ló dùn mí jù. Ní báyìí, orin ọmọdé lédè Yorùbá pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí ni púpọ̀ nínú wọn? Orin jẹ́lé-ó-sinmi ti òyìnbó ni, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò, wọ́n fi Yorùbá dí ihò rẹ̀. Gbogbo wa tí a kàwé Yorùbá nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tíṣà fi dò, re, mí kọ́ ní àmì ohùn. Orin ti wà nínú èdè yìí kí ẹnikẹ́ni tó ki orin bọ̀ ọ́.

Ẹ mú orin ìràwọ̀ tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ọmọ, "Twinkle, Twinkle, Little Star". Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, ẹ mọ bó ṣe lọ: d d, s s, l l, s (d ló wà nísàlẹ̀, s ga jù ú lọ, l sì ga ju s lọ). Ẹ wá gbé "Ìràwọ̀ kékeré mi" lé e, ohùn méje fún ohùn méje. Ìràwọ̀, dò dò dò ni. "Ì" àti "rà" jókòó sórí d d dáadáa. "Wọ̀" tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orin gbé e fò sókè, ó di "ìràwọ́". Kí ni ìràwọ́? Mi ò mọ̀, ẹ̀yin náà kò mọ̀. Kékeré, mí re mí ni, ó yẹ kó wálẹ̀ láàárín kó tó padà gòkè. Orin ní kí "ké" wà nísàlẹ̀, kí "ke" gun orí rẹ̀. "Mi" ìkẹyìn nìkan ló bọ́ síbi tó yẹ, àfi bí ẹni ta tẹ́tẹ́ tó ṣèèṣì jẹ. Ẹ wá rò ó pé ọmọ tó ń gbọ́ ọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìràwọ̀ ni. Ọmọ àbúrò mi na ọwọ́ sí àwòrán, ó ní "ìràwọ́". Mo tún un ṣe fún un. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́ èdè.

Àwọn baba wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ja ìjà yìí rí. Orin mímọ́ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ ti lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn pa bákan náà. T. K. Ekundayo Phillips, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ ní Marina, Èkó, ní 1914, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹ̀kọ́ náà wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ka "Ení bí ení, èjì bí èjì" lábẹ́ igi máńgòrò kò ka ìwé Phillips, síbẹ̀ wọn kò ṣi ohùn kan lò rí, nítorí inú èdè ni orin náà ti hù. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì; ìfẹ́ èdè ló mú ọ̀pọ̀ wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó, ẹ pe olórin sí i.

Àwọn kan ní owó ló bà á jẹ́, pé wọ́n ń wọn ojú ọmọ bí ẹni wọn aṣọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Moonbug ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ra CoComelon, ìkànnì orin ọmọdé lórí YouTube, ní 2020, máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọmọ ń wò, wọ́n á fi nǹkan tí kò dùn ún wò sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ tí ọmọ bá ti yíjú síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, ó bí mi nínú. Àfìgbà tí mo kà pé àwọn tó ṣe Sesame Street, ètò ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti ṣe irú rẹ̀ kí ètò wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, 1969! Àwòrán ara ògiri ni tiwọn, tó ń yí padà léraléra lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń ṣọ́ ojú ọmọ. Ọgbọ́n kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn wọn ojú tán, wọ́n lọ pe Joe Raposo kó wá kọ orin. Ní 1973 wọ́n gbé Stevie Wonder àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n lù ú gidi láàárín àwọn ọmọdé, wọn kò gé e kúrú. Ọmọ kékeré kan ń mi orí lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó wà ní òde àríyá. Baby Shark, orin ẹja ti àwọn ará Korea, tó jẹ́ fídíò àkọ́kọ́ lórí YouTube tí wọ́n wò ní ìgbà bílíọ̀nù 10, ní oṣù kìíní 2022, fi hàn pé ojú ọmọ kò ṣòro mú. Etí rẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń bi í léèrè.

Kí ẹ má baà ní mo fi gbogbo ayé òde òní ṣẹ̀sín, ẹ wo Bluey, eré àwòrán ọmọdé kan. Láti ìlú Brisbane ní Ọsirélíà ló ti wá, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, Joff Bush ló ń darí orin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú méje lọ, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé láti ara ti àná. Orin ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, eré jó-kí-o-dúró ni: orin dákẹ́, gbogbo ẹbí dúró. Ẹ gbọ́ o, ó ń dákẹ́! Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dá lórí oorun ọmọ, wọ́n fi orin Gustav Holst, ará Ìlú Ọba tó kọ orin, sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì tó nǹkan. Mo wò ó ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Ó tó bí aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé yẹn kí bátìrì fóònù tó kú. Jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn, ṣájà wà lórí tábìlì. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ọmọ ké, ó ké, mo fa kíbọ́ọ̀dù tí mo fi ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi jáde, mo jókòó, mi ò tẹ nǹkan kan. Nígbà tó dìde tó ń bọ̀ wá wò ó, mo tẹ ohùn kan fún ẹsẹ̀ kan, òmíràn fún ìkejì. Ó dúró. Mo dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan, mo fa ohùn gbọọrọ. Ló bá sáré yí pálọ̀ po, ìka mi ń sá tẹ̀ lé e, ó tún ṣàdédé dúró bóyá yóò mú mi. Kò mú mi.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìyá rẹ̀ fi wọlé pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, fóònù yẹn ńkọ́?" Mo ní kó wò ó lábẹ́ àga.