Ta Ló Ni Ẹ̀fọ́ Orí Ebè Yẹn?

Ìjọba àpapọ̀ tún ìlànà ẹ̀kọ́ tò lọ́dún 2025, wọ́n sì ka ọ̀gbìn àti ọ̀sìn ẹran mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ girama lè mú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí yóò mọ ọkọ́ dì mú ní girama, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn tó bá ní kí oko iléèwé padà wá. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a ti bi wọ́n nínú ìwé ìròyìn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí kò tíì sẹ́ni tó dá wa lóhùn: bí àwọn ọmọ bá gbin ẹ̀fọ́, tó hù, tó tó já, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba nílẹ̀ Yorùbá mọ ìdáhùn. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń já a. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ni yóò já a, àwọn náà ni yóò dì í sínú àpò ìdọ̀họ, àwọn náà ni yóò rù ú dé ìdí ọ̀kadà. Ibẹ̀ niṣẹ́ tiwọn parí sí.

Lásìkò òjò tó kọjá, ọ̀kan nínú wa yà sí iléèwé kan tí a ò ní dárúkọ. Òjò ti dáwọ́ dúró fún bí ọjọ́ márùn-ún, ebè ewédú tó wà lẹ́yìn kíláàsì sì ti ń gbẹ lójú. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ń fi ike omi tí wọ́n fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀ wọ́n omi sí ebè kan. Ó ti so àkísà yúnífọ́ọ̀mù mọ́ igi kékeré kan lórí ebè náà kí ẹlòmíràn má baà ṣì í ro. A bi í pé ṣé ewédú rẹ̀ máa ń yọ̀ dáadáa bí wọ́n bá sè é. Ó wò wá bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè, ó wá fi àgbọ̀n júwe ọ́fíìsì. Kò tíì tọ́ ọ wò rí.

A ò pe olùkọ́ lólè o. Olùkọ́ ọ̀hún gan-an ló ra irúgbìn yẹn lọ́jà, owó àpò rẹ̀ ló fi ra ìgbẹ́ adìẹ tí wọ́n dà sí i, àdá tí wọ́n fi ṣán ibẹ̀ sì ti ilé rẹ̀ wá. Iléèwé náà kò rí kọ́bọ̀ gbà fún oko, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n ń kọ ohun tó jáde níbẹ̀ sí. Ẹni tó náwó ń wá owó rẹ̀ ni. Ẹni tó ní kí wọ́n dáko láìfowó sílẹ̀ ni ká mú. Síbẹ̀, ibi tọ́rọ̀ já sí kò dára: ọmọ di alágbàṣe tí a kì í sanwó fún. Alágbàṣe gidi pàápàá, àgbẹ̀ tó gbà á síṣẹ́ á sun iṣu fún un lóko.

Ti ìjìyà ló tún wá burú jù. Ọmọ pẹ́ dé, wọ́n ní kó lọ roko. Ọmọ pariwo ní kíláàsì, oko náà ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà á jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa bú àwọn ọ̀dọ́ pé wọn ò fẹ́ ṣe àgbẹ̀. Ta ló kọ́ wọn láti kékeré pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ètò oúnjẹ iléèwé ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ ẹ̀fọ́ náà. A rántí ètò náà dáadáa. Lọ́dún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, náírà 70 lórí ọmọ kan lóòjọ́, kó tó di náírà 100. Ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹta ló wà fún. Ìyẹn ni pé àwọn tí ọwọ́ wọn ti ká ọkọ́, kíláàsì kẹrin sókè, kò sí nínú ìṣirò. Orúkọ tí wọ́n fún ètò náà, “Home-Grown School Feeding”, ní kí oúnjẹ ti àdúgbò wá. Ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì ni kò wá sún mọ́ àdúgbò tó? Nígbà kónílé-ó-gbélé 2020, tí iléèwé wà ní títì, mínísítà ní àwọn ti ná náírà mílíọ̀nù 523 láti fi bọ́ ọmọ iléèwé nílé. Nígbà tó di oṣù kìíní 2024, wọ́n dá ètò náà dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ yòókù, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ewédú tí a bá gbìn lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, tí a sì ń bomi rin, ìbá ti tó já kí àkókò náà tó pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ọ̀hún kọjá, ó tún kọjá, ìkòkò ò kúrò nílẹ̀.

Ìdáná kọ́ ni ìṣòro. Ọdún 2006 ni Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún ọmọ iléèwé, ọdún mẹ́wàá gbáko kí Àbújá tó bẹ̀rẹ̀ ètò ti 2016 yìí. Àwọn ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é kò tíì kúrò ní àdúgbò.

Wọ́n á ní kò sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lára ògiri iléèwé káàkiri ìlú wa, ṣé ojú ọ̀run ni wọ́n kọ́ ọ sí? Káńsù tó rí ilẹ̀ yà fún oníṣọ́ọ̀bù kò lè sọ pé òun ò rí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kíláàsì kan fún ewédú àti ilá. Bí ẹ bá sì yà á, ẹ mọ ọgbà yí i ká, torí bí kò bá sí ọgbà, ewúrẹ́ àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ já a.

Ohun tí à ń béèrè kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń pe ìpàdé sí òtẹ́ẹ̀lì fún. Kí owó irúgbìn, ọkọ́ àti ọgbà wà nínú ìṣúná, kí olùkọ́ yé fi owó oṣù rẹ̀ dáko ìjọba. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ já, inú ọgbà iléèwé ni kí wọ́n ti sè é, kí àwọn tó gbìn ín jẹ ẹ́, kíláàsì kẹfà náà. Bó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n tà á, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n tà á sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn òbí níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kí hẹ́dímáàsítà tó bá tún fi oko jẹ ọmọ níyà wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹta. Àgbàdo tí wọ́n bá gbìn nígbà náà yóò tó sè ní oṣù kẹfà, kí iléèwé tó gba ìsinmi gígùn. A óò padà sí iléèwé tí a yà sí yẹn ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù náà, lọ́sàn-án. A fẹ́ wo ibi tí àpò náà ń gbà lọ.