Akápò Òṣùpá

Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra ní Florida báyìí, kí èéfín ìdí rẹ̀ tó pòórá, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ẹ má rò pé alága ló pè é. Òṣùpá ló pè é. Ẹnì kan á fi fídíò ránṣẹ́. Ẹlòmíì á ní, "Ẹ wo owó tí wọ́n ń dà nù, kí ebi sì máa pa ọmọ aráyé!" Ẹlòmíì á ní ti òyìnbó kò yé òun mọ́. Ó parí. Àwọn tí wọn kì í dáhùn bí o bá kí wọn lójú títì, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́nu wọn.

Àṣà tó wà lóde nìyẹn. Gbogbo wa ti di akápò òṣùpá. Kò sí ẹni tó dá kọ́bọ̀ sí i nínú wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ná an.

Bàbá Landlord onílé aláwọ̀ ewé ni ọ̀gá pátápátá. Bí bàbá yìí bá ń ṣírò owó NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sójú ọ̀run, ẹ ó rò pé inú àpò agbádá rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó ní ìdajì owó Amẹ́ríkà ló ń lọ sójú ọ̀run. Mo ní, "Bàbá, nínú 100 náírà tí ìjọba àpapọ̀ wọn bá ná, ti NASA kò tó 50 kọ́bọ̀." Bàbá ní kí n lọ kàwé. Mo ní lọ́dún 1966 pàápàá, tí wọ́n ń bá Rọ́ṣíà sáré àtidé òṣùpá, tó jẹ́ ìgbà tí owó náà pọ̀ jù, kò tó náírà 5 nínú 100. Bàbá kò fọhùn mọ́. Ó fi àwòrán ọmọ tí ebi ti hàn léèékú egungun rẹ̀ ránṣẹ́. Ta ló fẹ́ bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jiyàn? Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ìbéèrè náà kò sì burú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Nínú oṣù Keje ọdún 1969, nígbà tí Apollo 11, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbé ènìyàn balẹ̀ sórí òṣùpá, kù díẹ̀ kó gbéra, Àlùfáà Ralph Abernathy, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kó àwọn tálákà sẹ́yìn, tàwọn ti kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń fà, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà NASA. Thomas Paine, ọ̀gá ibẹ̀, jáde wá bá wọn lójúkojú. Ó ní bó bá jẹ́ pé àìtẹ bọ́tìnì rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́la ni yóò lé òṣì lọ, àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí Abernathy bá òun gbàdúrà fún àwọn tó ń lọ, Abernathy sì gbà. Ìjà àgbà nìyẹn. Ẹni tó ní ẹ̀sùn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò sá pamọ́. Àwa ńkọ́? Orí ibùsùn la ti ń gbógun ti Amẹ́ríkà, tòun ti dátà tí a yá.

Ibi tí a bá ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni afínná wa á ti wọlé. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Tiwa kì í kọ ju ìlà kan lọ: "Wọn ò dé òṣùpá rí." Ó ti lọ sùn nìyẹn. Gbogbo ilé á tú jáde bí agbọ́n tí wọ́n sọ lókò. Pásítọ̀ á ka Sáàmù 115 fún wa, pé ọ̀run ni ti Olúwa, ayé ló fi fún ọmọ ènìyàn, kí kálukú dúró sí àyè rẹ̀. Tíṣà físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì á kọ ọ̀rọ̀ tó gùn ju ọ̀nà Ìbàdàn lọ, tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Ní aago mẹ́ta òru, afínná á la ojú kan: "Kí ló wá ń fẹ́ àsíá tí wọ́n rì mọ́ òṣùpá yẹn?" Á tún sùn padà. Mo bá a níbi tí wọ́n ti ń gẹrun, mo ní, "Àbúrò, ṣé lóòótọ́ lo rò pé wọn ò débẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ò sí, mi ò rí bọ́ọ̀lù wò. Ẹ̀yin ni mò ń wò."

Kì í ṣe àwa nìkan làrùn náà ń ṣe. Àwọn akápò wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Wọ́n gbọ́ pé Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì, wọ́n figbe bọnu pé owó ìrànwọ́ àwọn la fi ń ṣeré lójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀, Guildford ní Surrey, nílé wọn lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti ṣe NigeriaSat-1 tó gòkè lọ́dún 2003. Ẹni tó gbowó ọjà tán tó tún ń bínú pé oníbàárà lówó lọ́wọ́! Igbe yẹn náà ni wọ́n ké nígbà tí India balẹ̀ sórí òṣùpá ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ọjọ́ yẹn gan-an, lọ́gọ́ta ọdún géérégé ṣáájú, ni Balewa jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Èkó, tó ń bá Kennedy sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Ẹ wo bí ayé ṣe dùn tó nígbà yẹn: ààrẹ ń sọ̀rọ̀, olórí ìjọba ń dá a lóhùn, kò sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ wọn pé ayé pẹrẹsẹ ni.

Mo wá ṣàkíyèsí ohun kan. Bí owó náà bá ṣe ń sún mọ́lé ni ohùn wa ń relẹ̀. Mo dárúkọ NigComSat-1, sátẹ́láìtì tí a ní kí China bá wa gbé lọ sókè lọ́dún 2007, tó kú lọ́dún 2008. Mo ní adójútòfò ló jẹ́ kí a rí òmíràn gbà lọ́dún 2011, kí la wá fi ń ṣe? Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá Landlord nìkan ló fèsì: "Ìyẹn ọ̀rọ̀ ìjọba, má kó bá wa." Mo ní ó dáa, Àkúrẹ́ ńkọ́, ní yunifásítì FUTA, tí àwọn ọmọ wa bá àwọn ará Japan ṣe NigeriaEduSat-1 tó gòkè lọ́dún 2017, tí kò wúwo tó kóńgò gààrí kan? Ẹni méjì tẹ àtàǹpàkò. Ìyá Ìbejì béèrè bóyá kò ní já lu òrùlé ẹ̀gbọ́n òun ní Ọ̀bá-Ilé.

Ojú mi ti wá là jù. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Níwọ̀n ìgbà tí a ti mọ ìṣirò tó báyìí, owó tìráńsífọ́mà tí a dá, 50,000 náírà lójúlé kọ̀ọ̀kan, oṣù kẹjọ rèé, ibo ló dé?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ádímìn wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bú NASA, kò gbin. Wọ́n bú ìyá afínná, kò gbin. Ẹnì kan ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láàárín ìjà, ó ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìbéèrè mi tó pé ìṣẹ́jú méjì, ádímìn ti jí. "Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀wọ̀ fún ara wa. Orí ìkànnì yìí kọ́ la ti ń jà." Ó ti ilẹ̀kùn pa, kò sí ẹni tó lè kọ nǹkan mọ́ àfi òun. Lẹ́yìn náà ó yọ mí. Mo gbàgbé láti sọ pé àbúrò akápò ẹgbẹ́ wa ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹnu géètì mi ń dún. Bàbá Landlord ni, tòun ti fóònù méjì àti ṣájà lọ́wọ́, ó gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àga fún un. Ó ní ohun tí wọ́n ṣe fún mi kò dáa, àmọ́ kí n ní sùúrù, ọ̀rọ̀ tìráńsífọ́mà gba ẹ̀sọ̀. Ó ki ṣájà bọ ara ògiri, ó dúró kí fóònù jí, ó wá nu awò rẹ̀.

"Gbọ́ ná," bàbá ní, "Mars tí wọ́n ní àwọn tún fẹ́ lọ yìí, ta ló fọwọ́ sí owó ẹ̀?"