Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ń mutí

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Àlàájì ni, ọtí kò kàn án lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohun tí àdúgbò kọ́kọ́ sọ ni pé ó ń mu ún ní kọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní ayé ló ṣe é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ń tà. Nígbà tí wọ́n rántí pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ náà gbọ̀n, wọ́n ní èpè ìdílé ni. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ wo bí ọwọ́ náà ṣe ń ṣe. Bó bá gbé e lé itan, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ gbé ife tíì fún un: bí ife bá ti kúrò lórí tábìlì ni gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀, bó sì ṣe ń súnmọ́ ẹnu ló ń le sí i, títí tíì á fi dà sí i láyà. Bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, etí ihò abẹ́rẹ́ gan-an ni ọwọ́ ti ń yẹ̀. Agbára kò sì dín o. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tó wúwo nì, òun ló ṣì ń gbé e.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọpọlọ pàṣẹ, ọwọ́ jẹ́ ẹ, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ kékeré kan wà lẹ́yìn orí, lókè ọrùn, tí àwọn dókítà ń pè ní cerebellum. Òun ló ń wọn ìrìn ọwọ́: ibi tí yóò dé, bí yóò ṣe le tó, ìgbà tí yóò dúró. Ohun tó bá wọ̀n, á fi ránṣẹ́ sí thalamus tó wà ní àárín gbùngbùn orí, thalamus á sì gbé e dé èèpo ọpọlọ, níbi tí àṣẹ ti ń jáde lọ sí ọwọ́. Cerebellum kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọpọlọ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Suzana Herculano-Houzel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil gbé èsì ìkà wọn jáde ní 2009, nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ èèyàn, bílíọ̀nù 69 ló wà níbẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, dókítà Gordon Holmes tọ́jú àwọn sójà tí ìbọn bà lẹ́yìn orí. Apá wọn kò rọ, àmọ́ bí wọ́n bá na ọwọ́ sí nǹkan, á kọjá rẹ̀, tàbí kó máa gbọ̀n bó ṣe ń dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn rẹ̀ ṣàlàyé pé ọwọ́ òsì òun ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ ọ̀tún bá fẹ́ ṣe, àfi kí òun kọ́kọ́ rò ó. Apá ọ̀tún cerebellum ni ọgbẹ́ rẹ̀ wà, ọwọ́ ọ̀tún náà ló sì kàn. Èyí máa ń ya àwọn tó ti gbọ́ pé ọpọlọ ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì lẹ́nu. Ọ̀nà cerebellum ń rékọjá sí òdìkejì bó ṣe ń lọ sí thalamus, àṣẹ tún ń rékọjá padà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọwọ́.

Kí ló wá mú kó jọ ti ọ̀mùtí? Cerebellum yìí náà ni ọtí ń dà láàmú, ìdí nìyẹn tí ọ̀mùtí fi ń ta gbọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọtí nìkan kọ́ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti àyíká rẹ̀, àìsàn kan wà tó ń dé ní àkókò òjò: èèyàn á ṣàdédé máa gbọ̀n, kò ní lè rìn tààrà, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Láti 1958 ló ti wà nínú ìwé ìṣègùn. Bọ́lá Adámólékùn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀ dé orí kòkòrò Anaphe tí àwọn èèyàn ń jẹ bí ẹran, ìran kòkòrò tí a ń rí òwú sányán lára ilé wọn. Ní 1994 wọ́n gbé e jáde pé fítámìnì B1 ń wo àwọn aláìsàn náà sàn. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ará Japan fi hàn pé ohun kan wà nínú kòkòrò yẹn tó ń ba B1 jẹ́. Ẹni tó bá sì ń jẹ gàrí àti ẹ̀kọ ṣáá, B1 ara rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Mélòó nínú wọn ni wọ́n ti gbé lọ sílé aláfọ̀ṣẹ, nígbà tó jẹ́ fítámìnì ni wọ́n nílò?

Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi yàtọ̀: essential tremor ni àwọn dókítà ń pè é, wọ́n sì gbà pé ọ̀nà cerebellum sí thalamus yẹn náà ló kàn. Ó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá bí gíga àti kúkúrú ṣe ń wá, kò sì ní èpè nínú. Kì í tilẹ̀ ṣe Parkinson, àìsàn ọpọlọ mìíràn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, nítorí ti Parkinson sábà máa ń gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ bá sinmi. Lára ọ̀pọ̀ tó ní irú tirẹ̀, ọtí díẹ̀ a máa dá gbígbọ̀n náà dúró fún wákàtí mélòó kan. Ẹ ò rí i pé òdìkejì gbáà ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án?

Ní 1987, ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, Alim-Louis Benabid, ki wáyà tín-ínrín bọ inú thalamus aláìsàn kan. Nígbà tó mú kí iná inú wáyà náà máa ta ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró. Èmi kò rí ibi tí a fẹ́ ki ọwọ́ ayé sí nínú ìyẹn.

Oògùn propranolol ni dókítà kọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, lẹ́yìn tó ti bi í bóyá ó ní ikọ́ fée (asthma), torí ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ lò ó. Gbígbọ̀n náà kò lọ tán, àmọ́ ó lè mu tíì rẹ̀ báyìí bó bá fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú. Ọmọ iṣẹ́ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bó bá kan aṣọ gígé, á fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, á tẹ sísọ́ọ̀sì mọ́ pákó, á sì gé agbádá tán láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án.