Àlùbọ́sà Kò Sọ Yorùbá Di Ọmọ Lárúbáwá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ takisí Micra láti Sángo lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Bàbá kan tá a jọ jókòó sẹ́yìn ń ka ọ̀rọ̀ lórí ìka: "Àlùbọ́sà, àlàáfíà, àdúrà, wákàtí, fìtílà. Lárúbáwá ni gbogbo ẹ̀! Inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti bí Yorùbá." Dẹ́rẹ́bà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó wà níwájú ní ṣebí Mẹ́kà la ti wá. Kí n tó lanu, a ti dé Bódìjà. Ẹ jẹ́ kí n fèsì níbí.

Bàbá ò purọ́ o. Lárúbáwá ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kà. Al-basal ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, Haúsá gbà á, ó di albasa, àwa náà wá di àlùbọ́sà mú. Ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń já àpò àlùbọ́sà sílẹ̀ látinú tírélà ní Bódìjà, ẹ ó gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kà á: ɗaya, biyu, uku, huɗu. Ọjà ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀sìn ló gbé àdúrà dé. Ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n. A yá búrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ sọ pé Lọ́ńdọ̀nù la ti ṣẹ̀.

Ohun tí onímọ̀ èdè máa ń kọ́kọ́ wò ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sábà yá: òǹkà, ẹ̀yà ara, ọ̀rọ̀ bíi jíjẹ àti kíkú. Yorùbá ní etí, Ìgbò ní ntị. A ní ẹnu, wọ́n ní ọnụ. A ní ẹ̀ta, Ìgbò ní atọ, Fọ̀n ní orílẹ̀-èdè Benin ní atọn, Swahili ní tatu, Zulu ní thathu. Ẹnìkan á ní thalatha ti Lárúbáwá náà fẹ́ jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dájọ́. Ní Ọsirélíà, èdè Mbabaram ń pe ajá ní "dog", bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló kọ́ wọn. Ẹ bọ́ sórí ẹ̀rin: Ìgbò ní anọ, Fọ̀n ní ẹnẹ, Swahili ní nne. Lárúbáwá ní arbaa. Ó tán níbẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Tí Haúsá bá fẹ́ sọ pé ó kú, mutu ni. Lárúbáwá ní mata, Hébérù ní met, èdè Íjíbítì àtijọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tó bá wọn mu. Àwọn yẹn ló bá ara wọn tan. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń wá mọ̀lẹ́bí Lárúbáwá ní Bódìjà, ẹni tó ń ta àlùbọ́sà ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fi àwa tá a wá rà á sílẹ̀.

Ìwádìí yìí ti pẹ́. Ní Freetown ní Sierra Leone, Koelle, ajíyìnrere ará Jámánì, gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854, èdè tó lé ní 150. Ní 1963, Joseph Greenberg, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, pín èdè Áfíríkà sí ẹbí 4. Yorùbá wà nínú èyí tá a ń pè ní Niger-Congo, Haúsá wà nínú Afroasiatic pẹ̀lú Lárúbáwá, Kanuri, èdè àwọn ará Borno, wà lọ́tọ̀. Wọ́n ṣì ń bá a jà lórí méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá ti àwọn èdè gúúsù Áfíríkà tó ń ta pọ́ṣọ́pọ́ṣọ́ lẹ́nu. Síbẹ̀, ìjà yẹn ò gbé Yorùbá lọ sílé Lárúbáwá.

Ìyá tó dárúkọ Mẹ́kà ńkọ́? Samuel Johnson, tó ṣe tíṣà ní Ìbàdàn níbí kó tó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn Mẹ́kà yẹn sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897. Ojú ìwé bíi mélòó kan péré lẹ́yìn ẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé Yorùbá kì í ṣe ẹbí Lárúbáwá. Ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń fò.